Ètò ojoojúmọ́ àti iṣẹ́ àṣetiléwá ní kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà: ìtọ́sọ́nà fún olùkọ́

Ní ọdún kejì tí mo ti ń kọ́ni, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tí mo ń darí, tí kì í kó iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá fún mi. Mo bá a wí, mo kọ̀wé sí àwọn òbí rẹ̀, mo tilẹ̀ ń dá a dúró sínú kíláàsì nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré. Ní ọ̀sẹ̀ keje, rúlà rẹ̀ sọnù, a sì da gbogbo ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ sórí tábìlì láti wá a. Iṣẹ́ àṣetiléwá mẹ́rin ló jáde láti ìsàlẹ̀ àpò náà. Etí wọn ti ká, omi ti dà sí ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ó ti ṣe wọ́n tán, mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbà láìkù síbì kan. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kó wọn fún mi. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí a máa ń kó wọn. Mo ronú padà: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́, ní ọjọ́ tí a wọlé, láàárín òfin mẹ́tàdínlógún mìíràn tí mo tò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé nìyẹn. Bí ọmọ kò bá mọ ìṣirò pínpín, a ó jókòó tì í, a ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ bí a ṣe ń kó iṣẹ́ fún olùkọ́, ìbáwí la máa ń fún un. Ẹ̀kọ́ ni ètò kíláàsì bí ìṣirò ti jẹ́ ẹ̀kọ́: a ní láti fi han ọmọ, kí a bá a ṣe é, kí ó tún un ṣe lójú wa, kí a tó lè máa retí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn wà láàárín ọdún 9 sí 12. Wọ́n ti kúrò ní ẹni tí à ń bá so okùn bàtà, wọn kò sì tíì di ẹni tó lè dá iṣẹ́ mẹ́fà pín sí ọjọ́ márùn-ún láìsí ẹni tó kọ́ wọn bí a ṣe ń pín in.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn ín

Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí kíláàsì nígbà tí kò tíì sí ọmọ kankan níbẹ̀. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹ̀yin ni ọmọ tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ sì bi ara yín pé: Níbo ni n ó gbé àpò yìí sí? Níbo ni n ó fi iṣẹ́ tí mo mú ti ilé wá sí? Kí ni n ó máa ṣe títí gbogbo wa yóò fi jókòó tán? Bí pẹ́ńsùlù mi bá kán ńkọ́? Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ńkọ́? Bí mo bá parí iṣẹ́ ṣáájú àwọn yòókù ńkọ́? Ìbéèrè tí ẹ kò bá rí ìdáhùn tó dájú fún, ibẹ̀ gan-an ni ariwo yóò ti bẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Jacob Kounin, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí jáde ní ọdún 1970 lẹ́yìn tí ó ti wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíláàsì. Ó ń wá bí àwọn olùkọ́ tí kíláàsì wọn tòrò ṣe ń báni wí. Ohun tó rí ni pé ìbáwí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí kíláàsì wọn dàrú. Ohun tí wọ́n ń ṣe kí ìwà náà tó ṣẹlẹ̀ ló yàtọ̀: ojú wọn wà níbi gbogbo, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlàfo wà láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé wákàtí kan tí ẹ bá lò nínú kíláàsì òfìfo yóò gbà yín lọ́wọ́ ìbínú ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Nígbà tí ẹ bá rìn ín tán, ẹ kọ ètò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ohun tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ yóò ṣe. “Ẹ wà létòlétò” kì í ṣe ètò, nítorí pé ọmọ kò lè fi ojú rí i. “Gbé àpò rẹ kọ́, fi iṣẹ́ rẹ sínú apẹ̀rẹ̀, jókòó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orí pátákó” ni ètò. Ètò mẹ́fà sí mẹ́jọ tó láti bẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹ wo ibi tí ẹ gbé nǹkan sí pẹ̀lú: mo ti gbé apẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà rí, ní ibi tí mo rò pé yóò rọrùn jù, àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó dúró fi iṣẹ́ sílẹ̀ sì ń kọlu ara wọn láràárọ̀ títí mo fi gbé e lọ sí igun kejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ́ wọn ní wíwọlé ṣáájú ohunkóhun

Bí wíwọlé bá gún, ìdajì òwúrọ̀ ti gún. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ̀yin fúnra yín gbé àpò kan kọ́ èjìká, kí ẹ jáde, kí ẹ sì wọlé bí ọmọ ṣe yẹ kí ó wọlé. Ẹ má sọ̀rọ̀ rárá. Nígbà tí ẹ bá jókòó tán, ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Yóò yà yín lẹ́nu pé ẹnìkan yóò sọ pé ẹ kò sáré, òmíràn yóò ní ẹ wo pátákó kí ẹ tó ṣí ìwé. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ méjì ṣe é, lẹ́yìn wọn ìlà kan, lẹ́yìn ìlà kan gbogbo kíláàsì. Bí ẹ bá fẹ́ fi bí kò ṣe yẹ kí ó rí hàn wọ́n, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é. Mo ti yan ọmọ kan láti ṣe é rí, ó sì gbádùn ẹ̀rín tí wọ́n rín débi pé ó ń bá a lọ títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

Iṣẹ́ tí wọn yóò bá lórí pátákó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè: ìṣirò mẹ́ta láti inú ohun tí wọ́n ti mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tàbí gbólóhùn kan tí àṣìṣe wà nínú rẹ̀ tí wọn yóò tún kọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kì í ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni ẹ ó pe orúkọ, tí ẹ ó sì wo inú apẹ̀rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mẹ́wàá fi nà sókè ti ba ohun tí ẹ torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀ jẹ́.

Ẹ fi aago wo o. Ní kíláàsì tí mo ń kọ́ nísinsin yìí, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wíwọlé gbà ní ọjọ́ kejì sáà, láti ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ ti fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà títí ẹni ìkẹyìn fi mú pẹ́ńsùlù. Mo kọ 11 sí igun pátákó, n kò sì sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fúnra wọn béèrè pé mélòó ni ti òní. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti di 4. Bí wọ́n bá wọlé pẹ̀lú ariwo, ẹ ní kí wọ́n jáde padà kí wọ́n tún un wọ̀, pẹ̀lú ohùn tútù, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti ní kí ọmọ tún ìṣirò kan ṣe. Ẹ̀kọ́ ni títún un ṣe. Bí ìbínú bá wọ inú rẹ̀, ó di ìjìyà.

Bákan náà ni ẹ ó ṣe fún àmì ìdákẹ́jẹ́. Ẹ yan ọ̀kan: ọwọ́ tí ẹ gbé sókè, agogo kékeré, tàbí kíkà láti 5 wá sí 1. Ohun tí ẹ yàn kò ṣe pàtàkì tó kí ẹ má máa pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀ lé ariwo lórí láé. Olùkọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé nígbà tí ọmọ mẹ́fà ṣì ń sọ̀rọ̀ ti kọ́ gbogbo kíláàsì pé ohùn òun kò pọn dandan láti gbọ́. Ẹ tún fi dídúró sínú ìbéèrè yín. Mary Budd Rowe, tó ṣe ìwádìí nínú kíláàsì ní nǹkan bí ọdún 1970, rí i pé àwọn olùkọ́ kì í dúró ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n tó dáhùn rẹ̀ fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n dúró tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í dáhùn tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ẹ ka mẹ́ta sínú. Yóò kọ́kọ́ dà bí ọdún mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìlànà ìwà, kí ó kéré, kí ó sì ṣeé fojú rí

Mẹ́rin ni tèmi. A máa ń fetí sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. A máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. A máa ń tọ́jú ohun èlò wa àti ti ẹlòmíràn. A máa ń béèrè nígbà tí kò bá yé wa. Ẹ kíyè sí i pé kò sí “má ṣe” níbẹ̀: bí a bá sọ fún ọmọ pé kí ó má ṣe ariwo, a kò tíì sọ ohun tí yóò fi ẹnu rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn tí ẹ bá kà wọ́n fún wọn, kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí lójú. “Fífetí sílẹ̀” ní kíláàsì wa túmọ̀ sí pé pẹ́ńsùlù wà lórí tábìlì, ojú wà lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọmọ tí a bá sì pè lè sọ ohun tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Àwọn ọmọ ló fi èyí ìkẹyìn kún un, òun ló sì wúlò jù.

Ní ti ìbáwí, kí ó kéré, kí ó dájú, kí ó sì jẹ́ bákan náà fún gbogbo ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ sún mọ́ ọmọ náà láìdá ọ̀rọ̀ dúró. Ìgbà púpọ̀ ni èyí nìkan ti tó. Bí kò bá tó, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Bí ó bá tún ń bá a lọ, ẹ rí i lẹ́yìn ẹ̀kọ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó tó kàn sí ilé. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan jẹ gbogbo kíláàsì níyà, ẹ má sì sọ ohun tí ẹ kò lè ṣe. “Ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní jáde ṣeré mọ́ títí sáà yóò fi parí” kò ní ṣẹ, àwọn ọmọ mọ̀ pé kò ní ṣẹ, láti ọjọ́ náà lọ ni wọn yóò sì ti máa wọn gbogbo ọ̀rọ̀ yín.

Ìyìn pàápàá ní bí a ṣe ń ṣe é. “O káre” dára, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. “O padà lọ yẹ iṣẹ́ rẹ wò kí o tó mú un wá, ibẹ̀ lo sì ti rí àṣìṣe ìlà kẹta” sọ ohun tí yóò tún ṣe lọ́la fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wọn iṣẹ́ àṣetiléwá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sílé

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń tẹ̀ lé ni ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú 40 ní kíláàsì kẹrin, 50 ní ìkarùn-ún, 60 ní ìkẹfà. Gbogbo iṣẹ́ láti ọwọ́ gbogbo olùkọ́ ló wà nínú rẹ̀, tòun ti ìwé kíkà. Òpin ni, kì í ṣe ìwọ̀n tí a gbọ́dọ̀ kún dandan. Ọjọ́ tí ìṣẹ́jú 20 bá tó, ó tó. Bí ọmọ bá ní ju olùkọ́ kan lọ, kí àwọn olùkọ́ náà jọ sọ̀rọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ń fún ọmọ ní iṣẹ́ púpọ̀ lójú ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni wọ́n ti ń di púpọ̀.

Harris Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke gbé àkójọ ìwádìí jáde ní ọdún 2006, láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1987 sí 2003. Wọ́n rí i pé ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ àṣetiléwá àti àṣeyọrí lágbára fún àwọn ọmọ kíláàsì keje sókè ju bí ó ti rí fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn lọ. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé kí a pa iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ́ pátápátá fún àwọn ọmọ kékeré. Èmi kò bá wọn dé ibẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, èrè ńlá iṣẹ́ àṣetiléwá kò sí nínú pípọ̀ rẹ̀: ó wà nínú kí ọmọ mọ bí a ṣe ń mú iṣẹ́ lọ, bí a ṣe ń jókòó tì í, àti bí a ṣe ń mú un padà wá.

Nítorí náà, ẹ fún wọn ní ohun tí ẹ ti kọ́ wọn tí wọ́n sì lè dá ṣe. Iṣẹ́ tí òbí gbọ́dọ̀ kọ́ni kí ọmọ tó lè ṣe é kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn. Ká ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn bí a ṣe ń ro ìdá pọ̀ nígbà tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn kò dọ́gba. Ẹnìkan lè fún wọn ní ọgbọ̀n irú rẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n yóò fi ìdajì wákàtí ṣe ohun tó ti mọ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi ìdajì wákàtí fi àṣìṣe kan náà kọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ohun tí mo máa ń fún wọn ni mẹ́fà lórí ẹ̀kọ́ tuntun, bíi 3/4 + 1/8, méjì lórí ìsọdipúpọ̀ tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àti ẹyọ kan báyìí: “Ọmọ kan ṣe 1/2 + 1/4, ó ní ó jẹ́ 2/6. Ṣé ó tọ̀nà? Báwo lo ṣe mọ̀?” Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan kọ ìlà kan péré sí i: “Kò lè tọ̀nà, nítorí 2/6 kò tilẹ̀ tó 1/2 tó fi bẹ̀rẹ̀.” Ìlà kan yẹn sọ ohun tó yé e fún mi ju ọgbọ̀n ìdáhùn lọ.

Ìdí tí mo fi ń fi méjì àtijọ́ sí i kò ṣòro. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1885 pé ohun tí a há sórí ń yára lọ ní àwọn wákàtí àti ọjọ́ àkọ́kọ́, àti pé àtúnṣe tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ máa ń mú un dúró ju èyí tí a ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò méjì nínú iṣẹ́ àṣetiléwá kò ná ọmọ ní ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú kíláàsì, lójú yín, kí wọ́n tó kó ìwé wọn. Ẹ ó rí àwọn tí kò yé nígbà tí ẹ ṣì lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ má fún wọn ní ohun tó gba íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí páálí aláwọ̀ bí ẹ kò bá mọ̀ dájú pé gbogbo ilé ló ní in. Ẹ má sì fi iṣẹ́ àṣetiléwá jẹ ẹnikẹ́ni níyà, nítorí pé ohun tí a bá fi jẹ ọmọ níyà, kò ní fẹ́ràn rẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìparí ọjọ́

Ibí yìí ni ọmọkùnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti ṣìnà, ibí yìí náà ni ọ̀pọ̀ kíláàsì ti ń ṣìnà, nítorí pé à ń pe iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà tí agogo ti lù, tí wọ́n ti ń gbé àga. Ẹ dá ẹ̀kọ́ dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ilé-ẹ̀kọ́ tó parí. Kí iṣẹ́ ọjọ́ náà ti wà ní igun pátákó kan náà lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò mú un wá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í yóò kà á, yóò sì fi àmì sí i pé ó pé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mú ìwé tí iṣẹ́ náà nílò jáde, tí wọn yóò gbé e sókè kí ẹ rí i, kí wọ́n tó fi sínú àpò.

Fáìlì alápá méjì wúlò gan-an. Apá òsì ni “Ń lọ sílé”, apá ọ̀tún ni “Ń padà bọ̀”. Iṣẹ́ tí a kò tíì ṣe wà ní òsì. Bí ọmọ bá ṣe é tán nílé, yóò ṣí i sí ọ̀tún. Ní òwúrọ̀, ohun tó bá wà ní ọ̀tún ló ń bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ fi èyí náà hàn wọ́n bí ẹ ti fi wíwọlé hàn wọ́n, nítorí pé ọmọ tí ẹ kàn fún ní fáìlì ṣáá yóò sọ ọ́ di ibi tí ìwé tó ti di àkìsà ń gbé láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Gbígbà á, yíyẹ̀ ẹ́ wò, àti ọmọ tí kò mú un wá

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ orí pátákó, ẹ fi orúkọ inú rẹ́jísítà wo ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ yóò gba ìwé pélébé kan, yóò kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta sí i: Iṣẹ́ wo ni? Kí ló fà á? Ìgbà wo ni n ó mú un wá? Kò sí àsọyé, kò sí ìdúró níwájú kíláàsì. Ẹ kó àwọn ìwé náà pamọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tẹ́ ti ọmọ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rí ọ̀nà kan nínú wọn. Ẹni tó ń kọ “mo gbàgbé ìwé mi” nígbà gbogbo nílò kí ẹ wo àpò rẹ̀ kí ó tó lọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí kì í mú ti ìṣirò nìkan wá kò mọ ìṣirò náà, ó sì rọrùn fún un láti jẹ́ ọ̀lẹ lójú yín ju kí ó jẹ́ òpè lọ. Ẹni tó bá kọ “a kò sí nílé” tàbí “mo ń tọ́jú àbúrò mi” ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan kò nílò ìbáwí rárá. Ẹ wá àkókò fún un nínú ilé-ẹ̀kọ́, bí ogún ìṣẹ́jú kí a tó wọlé tàbí lẹ́yìn tí a bá parí.

Ní ti yíyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó ṣe ìlérí. Ọmọ 30, iṣẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ìwé 120 nìyẹn. Bí ẹ bá lo ìṣẹ́jú méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́rin ti lọ. Àwọn ọmọ lè fi bírò aláwọ̀ mìíràn yẹ ti ìṣirò wò fúnra wọn bí ẹ ti ń ka ìdáhùn, kí wọ́n sì tún èyí tí wọ́n ṣì ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ mú ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kà dáadáa, kí ẹ kọ gbólóhùn kan tí ọmọ lè lò sí i, kí ẹ sì dá a padà kí iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e tó jáde. Iṣẹ́ tí a gbà tí a kò bojú wò rárá máa ń sọ fún ọmọ pé kò ṣe pàtàkì, ó sì ń gbà á gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ àṣetiléwá kó máàkì púpọ̀. Bí ó bá kó o, ilé ọmọ ni ẹ̀ ń fún ní máàkì.

Bí iṣẹ́ bá pé pérépéré láti ilé, tí ọmọ náà kò sì lè ṣe irú rẹ̀ ní kíláàsì, ẹ má fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn ní kí ó ṣe ẹyọ kan lójú yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá dúró sí.

Ìgbésẹ̀ keje: Lẹ́tà ojú ewé kan sí àwọn òbí àti alágbàtọ́

Ọ̀pọ̀ òbí ló fẹ́ ṣèrànwọ́ tí wọn kò sì mọ ibi tó yẹ kí ìrànwọ́ náà dé. Ẹ kọ ọ́ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: kí ọmọ ní ibi kan tó ń jókòó sí àti àkókò kan náà lójúmọ́, kí a gbé fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kúrò níbẹ̀, kí òbí bi í ní ohun tí iṣẹ́ náà ní kí ó ṣe, ṣùgbọ́n kí òbí má mú pẹ́ńsùlù. Ẹ sọ fún wọn pé bí àkókò bá ti tó, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ ibi tó dé pé, “Ó ṣe é fún ìṣẹ́jú 50, nọ́ńbà karùn-ún ló dé,” kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ìlà yẹn kò ní mú ìbáwí kankan wá. Ó wúlò fún yín ju iṣẹ́ tí a fi ẹkún parí ní òru lọ, nítorí pé ó fi ibi tí ẹ̀kọ́ ti já hàn yín gan-an. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà gbé ìmọ̀ràn kalẹ̀ ní ọdún 2016 pé kí ọmọ ọdún 6 sí 12 máa sùn fún wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Bí iṣẹ́ wa bá ń jẹ wákàtí yẹn, ohun tí à ń kọ́ wọn ní ọjọ́ kejì kò ní wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú

Yóò tú. Ní kíláàsì tèmi, ọ̀sẹ̀ kẹfà tàbí ìkeje ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn ìsinmi kọ̀ọ̀kan láìyẹ̀. Ẹ óò kíyè sí i nínú ohun kékeré: nọ́ńbà igun pátákó padà sí 7, ìwé ìrántí kan ní ojú ewé òfìfo mẹ́ta, ẹnìkan kó iṣẹ́ rẹ̀ fún yín lọ́wọ́ dípò kí ó fi í sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ sì gbà á nítorí pé ọwọ́ yín dí. Ẹ má ṣe òfin tuntun. Ẹ mú ètò kan ṣoṣo tó ti bàjẹ́ jù, kí ẹ tún un kọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta bí ẹni pé wọn kò rí i rí, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó gbogbo wọn jáde sí iwájú kíláàsì, ẹ gbé àpò ọmọ kan kọ́ èjìká, kí ẹ sì wọlé.